Ife Tí Màmá Dá Padà

Ẹja náà ti ń rùn. Epìyà ńlá méjì ni, wọ́n nà gbalaja sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà kan àti ọ̀bẹ, eṣinṣin sì ń kùn yí wọn ká, ṣùgbọ́n Màmá, aládùúgbò wa, kò tíì ya àwòrán wọn tán. Màmá jókòó sórí àga onígi níwájú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì lé eṣinṣin, bírọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Òórùn ọ̀dà àti tọpẹntáìnì pọ̀ mọ́ ti ẹja nínú yàrá náà débi pé ojú ń ta mí. Mo na ìka sí ojú ẹja kan tó ti di funfun.

"No touch am!"

Mo fò sẹ́yìn. Màmá rí i pé ẹ̀rù bà mí, wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀. "Sorry, my pikin. E never finish. If you shift am small, na another fish be that."

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi ní ilé wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ìyá mi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹja tí a wá títí tí a ò rí rà, òun ni wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọ́n ń wò. Kí wọ́n máa wò ó lọ. Ìdin náà á bá wọn wò ó."

Ìyá mi lẹ́nu báyẹn. Ebi kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹwà àwòrán.

Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Port Harcourt ní ọdún 1968, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé bàbá mi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, láti Èkó lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ bá wọn ṣí èbúté. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Ilé wà ní ìlú tí a bá, ènìyàn ni kò sí. Àwọn Ìgbò tó ni ọ̀pọ̀ nínú ilé àdúgbò wa ti sá lọ, atẹ́gùn ló ń ṣí ilẹ̀kùn wọn tó ń tì í. Àwọn ajá tí kò lólówó mọ́, tí wọ́n ti rù kan eegun, ń sùn sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ẹni. Láti ọ̀nà Aba àti Owerri la ti ń gbọ́ ìbọn ńlá, gbì, gbì, bí ẹni tó ń gún iyán ní ilé tó jìnnà.

Ilé tí wọ́n fún wa wà lápá Rumuola, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Aba. Àwọn ṣọ́jà ti kó bẹ́ẹ̀dì, rédíò àti maṣíìnì ìránṣọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kà sí yẹpẹrẹ ni wọ́n fi sílẹ̀: ìkòkò irin kan, àwọn àwo tánganran, àpótí ìdáná, ọlọ, àti ife alumíníọ̀mù kékeré kan tí eyín ọmọdé ti jẹ etí rẹ̀ yíká. Àpótí aṣọ kan péré ni àwa gbé wá láti Èkó. Ìyá mi fi eérú àti omi gbígbóná fọ gbogbo nǹkan náà, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi jẹun.

Kò pẹ́ tí a dé ni Màmá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sí wa pẹ̀lú ìbẹ́pẹ kan lọ́wọ́. Obìnrin Scotland ni wọ́n, arúgbó, wọ́n ga, wọ́n gbẹ, oòrùn ti sun ọrùn wọn pọ́n. Ọkọ wọn jẹ́ enjiníà ọkọ̀ ojú omi ní èbúté kí ó tó kú, itẹ́ òkú ìlú náà ni wọ́n sì sin ín sí. Nígbà tí ogun ń bọ̀ tí àwọn òyìnbó yòókù ń di ẹrù, Màmá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Pidgin ni wọ́n ń bá gbogbo ènìyàn sọ, tiwọn sì dán ju ti bàbá mi lọ. N kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Wọ́n kí wa dáadáa lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn bọ́ sára àwo tí à ń fi jẹun, wọn ò sì lè mú ojú kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Madam," Màmá wí fún ìyá mi, "this plate get owner. She be my friend. The day wey she run, she tell me say make I look her things. Abeg, give me make I keep am for her."

Bàbá mi ló túmọ̀ rẹ̀, nítorí ìyá mi kò tíì gbọ́ Pidgin nígbà náà. Ìyá mi fi òkèlè tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìjọba ló fún wa nílé pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀," ni wọ́n dáhùn. "Tí mo bá kó àwo fún wọn, ṣé àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ ni n óò máa bu ọbẹ̀ sí? Ọjà wo ló wà ní ìlú yìí tí n óò ti ra òmíràn?"

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Ohun tí Màmá náà sọ kì í ṣe irọ́. Màmá fi ọwọ́ pa ìbẹ́pẹ náà lára, wọ́n ní, "Okay. Maybe e better make e stay for im house. But make I dey borrow am one by one, I go paint am. The day she come back, I go give her the picture, say welcome."

Ìyá mi gbà. Ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni pé ẹnìkan lè jókòó ya àwòrán àwo ọbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Màmá ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Wọn ò ya ènìyàn rí, nǹkan orí tábìlì nìkan ni. Wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ní àwọn ọjọ́ tí òjò bá dá mi dúró lọ́dọ̀ wọn, òjò Port Harcourt tí kì í mọ ìgbà tí a ń dágbére. Ìlú kékeré kan létí òkun ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí òtútù ti ń mú ènìyàn dé eegun. Ẹja ni bàbá wọn ń tà. Láàárọ̀, kí àwọn oníbàárà tó dé, Màmá á yá ẹja kan lórí pẹpẹ, wọ́n á fi èédú yà á sórí bébà tí wọ́n fi ń di ẹja, wọ́n á sì dá a padà sí àyè rẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá dá a sí ibòmíràn, ìgbájú ni. "My papa say, thing wey you borrow, carry am go where you see am," Màmá máa ń wí, wọ́n á sì fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ìgbájú náà ṣì ń dùn wọ́n.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ní Glasgow. Àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n ya ọba, kí wọ́n ya ogun, kí wọ́n ya àwọn arẹwà obìnrin. Àlùbọ́sà ni Màmá ń yà. Nígbà tó yá, àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àlùbọ́sà náà kọ́ sí yàrá ìjẹun wọn. Wọ́n gbé ẹja Màmá kọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Edinburgh. Màmá ra bàtà tuntun lọ wò ó, bàtà náà há wọn lẹ́sẹ̀, ohun tí wọ́n sì rántí jù nípa ọjọ́ ayọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí ọkọ gbé wọn wá sí Port Harcourt, wọ́n bá ìṣáwùrú pàdé, wọ́n bá ẹyìn àti ìkàn pàdé, àti ube, èso dúdú tí àwọn Ìgbò ń fi jẹ àgbàdo. Ọdọọdún ni wọ́n ń di àwòrán sínú àpótí ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń bá wọn tà á ní ìlú wọn. Ogun dá a dúró. Àwòrán wá ń tò sára ògiri, ọ̀kan ń bo èkejì lójú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lè bí ènìyàn nínú. Wọ́n á gbé nǹkan sórí tábìlì, wọ́n á fi ẹfun fa ìlà yí ìdí rẹ̀ ká kí ó má bàa kúrò lójú kan, lẹ́yìn náà wọn ò ní mú bírọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á kàn máa wò ó. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́. Nígbà tí wọ́n yá ìkòkò irin wa, ìyá mi yọjú láti fèrèsé pé, "Ṣé ìkòkò ọ̀hún ò tíì dá wọn lóhùn ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá mi ní ẹ̀sọ̀ kọ́ lòun fẹ́ sè lọ́la, ẹ̀bà nílò ọbẹ̀.

Ọ̀dà funfun Màmá tán, ọkọ̀ kankan ò sì kó o dé. Wọ́n ra ẹfun tí àwọn obìnrin ọjà ń pè ní nzu, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ òróró. Kò funfun dáadáa, ó rí bí ojú ọ̀run nígbà òjò. Òun ni wọ́n fi ya àwọn àwo.

Ife kékeré yẹn ló gbà wọ́n lákòókò jù. Àbíkẹ́yìn onílé tó sá lọ ló ń mu ògì nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti jókòó sí báráńdà Màmá láàárọ̀. "She go drink finish, she go begin chop the cup," Màmá sọ fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn nù. Bírọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú ni wọ́n fi ya ojú eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ibi tó ti tẹ̀, gbogbo ibi tó ti họ. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, mo rò pé tí mo bá na ọwọ́, n óò gbé ife náà kúrò lára aṣọ tí wọ́n nà sórí férémù. N kò tíì rí nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni Màmá gbé ife padà wá fún wa. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti nù ún. Pákó ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti mú un ni wọ́n gbé e sí, wọn ò fi lé ìyá mi lọ́wọ́.

Ìyá mi ti ń gbọ́ Pidgin díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n wo ife náà, wọ́n wo Màmá. "Mama, carry am go. E don spoil. Wetin I go use am do?"

Màmá kọ̀, wọ́n mi orí. "No. E get im place. When that pikin come back, na here she go look first."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri àdúgbò, ó ń gba alumíníọ̀mù tó ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn ọjà ló ti ń yọ́ ọ, tó ń dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ láti fi ṣe ìkòkò. Ẹni tó bá kó àfọ́kù tó pọ̀ díẹ̀ fún un, á gba ìkòkò kékeré kan tó ti ṣe sílẹ̀. Ìkòkò ò sí lọ́jà nígbà náà, gbogbo ìyàwó òṣìṣẹ́ ló ń wá àfọ́kù káàkiri àwọn ilé òfìfo. Ìyá mi kó ọmọrí tó ti tẹ̀ jọ, wọ́n kó ṣíbí tó ti kán, wọ́n sì ju ife náà lé e. Wọ́n gba ìkòkò kan tó ń dán gbinrin, wọ́n fi se ẹ̀wà, inú gbogbo wa dùn. Kò sẹ́ni tó rántí Màmá nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Àwọn tó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà bí àlejò ní ìlú tí wọ́n ti kọ́lé. Òjò ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan dúró sí ẹnu géètì wa pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ti rù débi pé orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bàtà obìnrin náà kò bára mu. Ìyá mi ń fọṣọ. Wọ́n wo obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dìde, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ.

"Good afternoon, madam," ni onílé wí. "I no come fight. I say make I just see the house."

"Na government give us," ìyá mi dáhùn.

"I know."

Ibi tí wọ́n dúró sí ni Màmá ti bá wọn, wọ́n gba inú ọgbà sáré wá láìwọ bàtà. N kò mọ̀ pé arúgbó lè sáré bẹ́ẹ̀. Wọ́n dì mọ́ onílé. Lẹ́yìn náà Màmá wo ẹ̀yìn onílé bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Where my small friend?" Kí onílé tó fèsì, Màmá fà wọ́n lọ́wọ́ wọ ilé wọn lọ, èmi àti ìyá mi sì tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Màmá ti to àwòrán náà sára ògiri láti ọjọ́ tí ogun ti parí: ìkòkò, àwọn àwo, àpótí, ọlọ, ife sì wà láàárín. "Welcome," ni Màmá wí. Ojú wọn ń tàn bí ti ọmọdé. "I look your things for you."

Onílé lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Wọ́n mi orí sí ìkòkò, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí ibi tí ọlọ náà ti fọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ife, wọ́n dúró. Wọ́n na ọwọ́ sí i. Màmá, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan, sún sẹ́yìn fún wọn. Onílé fi àtàǹpàkò tọ etí ife náà, ó lọ, ó bọ̀, wọ́n ń wá ojú eyín. Ọ̀dà náà ń dán, ó sì jọ̀lọ̀.

"E smooth," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí Màmá. "She don die, Mama. Hunger kill am for bush. We bury am for roadside, I no go know the place again. Nothing dey my hand wey her hand touch. Na that cup I dey think as I dey trek come. Where the cup?"

"E dey your house!" Màmá dáhùn kíákíá. "For kitchen, where you put am. I no move am. Madam, abeg, run go bring am."

Ìyá mi ni wọ́n ń sọ fún. Ìyá mi ò kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. "Yéè, mo gbé," ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, ní Yorùbá, bí ẹni pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "I give am to that man. The man wey dey melt. I no know. I swear, I no know."

Onílé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò pariwo. Ọmọkùnrin wọn lọ jókòó tì wọ́n, ó gbé orí lé wọn lẹ́jìká. Mo retí pé kí Màmá bú ìyá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bú wọn, kí ariwo lè wà nínú yàrá náà. Màmá fi ìkúùkù lu àyà ara wọn. "She say make I take am," ni wọ́n ń wí fún onílé. "She give me for hand. Na me return am."

Onílé àti ọmọ wọn sùn lọ́dọ̀ Màmá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ru gbogbo nǹkan tó kù lọ bá wọn: ìkòkò irin, àwọn àwo, àpótí, ọlọ. Wọ́n gbé ìkòkò tuntun náà lé e pé kí ó rọ́pò ife. Onílé gba nǹkan wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi dúpẹ́. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìbá sàn kí wọ́n gbá àwọn létí. Ìkòkò tuntun ni onílé kò gbà. "This one no be my own," ni wọ́n wí, wọ́n sì rọra tì í sẹ́yìn. Bàbá mi lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ilé ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kò sí lọ́wọ́ àwọn. Onílé lọ sí ìlú àwọn òbí wọn. Wọn ò mú àwòrán kankan lọ.

Ìgbà tí àwọn ọkọ̀ òkè òkun ti ń gúnlẹ̀ dáadáa, bàbá mi sọ fún Màmá pé ọ̀dà funfun ti dé, pé àwọn á bá wọn wá a. Màmá dúpẹ́. Wọn ò rà á. Mo máa ń bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí níwájú tábìlì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Wọn ò tún sọ fún mi mọ́ pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan. Kí ọdún náà tó parí wọ́n kú, a sì sin wọ́n ti ọkọ wọn. Bàbá mi ló di àwòrán sínú àpótí ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń tà á ní Scotland, ti ife náà wà níbẹ̀. Bóyá ó wà lára ògiri ẹnìkan báyìí, tí wọ́n ń jẹun níwájú rẹ̀.

Mo bínú sí ìyá mi fún ìgbà pípẹ́, mo sì bínú sí Màmá jù wọ́n lọ. Mo ní báwo ni ènìyàn ṣe lè fi gbogbo ojú wo nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, kí ó má mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí èmi náà bímọ, tí mo sin ọ̀kan, ìbínú náà kúrò. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn: ọ̀kan ń wá ohun tí yóò fi bọ́ ọmọ, èkejì ń dá ohun tó yá padà síbi tó ti mú un. Ogun ló wà láàárín wọn, kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ ilé ẹnikẹ́ni.

Ìkòkò kékeré yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi kò fi se nǹkan mọ́ láti ọjọ́ náà, wọn ò sì jù ú nù. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn àbúrò mi ń pín aṣọ àti góòlù, mo ní ìkòkò ni mo fẹ́, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tí mo mọ̀. Ife ọmọ náà kò sí nínú ìkòkò yìí, nítorí ọkùnrin náà ti ṣe èyí tán kó tó gba tiwa. Ìkòkò ẹlòmíràn ni ife náà bá lọ, wọ́n ti fi se ọbẹ̀ títí ó fi lu. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ló yọ́ láti fi ṣe tèmi náà, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti sá fi ilé ìdáná wọn sílẹ̀. Mo máa ń gbé e lé ẹsẹ̀ nígbà mìíràn, mo sì máa ń bi ara mi léèrè pé ife ọmọ ta ni.